Láti Orí Dídáṣẹ́sílẹ̀ Dé Orí Fífiṣẹ́sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ nígbàkúùgbà tí ọ̀dọ́ kan bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún méjì ní ọ́fíìsì. Wọn a ní: “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Ní tiwa, a kì í béèrè bóyá iṣẹ́ dùn tàbí kò dùn. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí n kò lè ka iye ìgbà mọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa náà sì ti gbọ́ ọ, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí á yẹ ìtàn wò, kí á mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi yẹ̀ ẹ́ wò, ìtàn kò sì gbè wọ́n. Àwọn bàbá àti bàbá-ńlá àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ náà béèrè bí ibi iṣẹ́ wọn ti rí, wọ́n sì fi ariwo béèrè. Ojú tí ọ̀dọ́ fi ń wo ibi iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti wò ó tán ni ó yí padà.

Kí òyìnbó tó mú owó oṣù dé, oríṣiríṣi ọ̀nà ni ẹnì kan fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe àáró a máa lọ láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá sì ṣe ahun nípa oúnjẹ, yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ó bá tún ké sí wọn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè fi ọdún púpọ̀ fọ aṣọ ọ̀gá kí ó sì pọn omi fún ìyàwó ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò gba òmìnira, tí àwọn ará ilé yóò pé jọ, tí òun náà yóò sì di ọ̀gá. Ìwọ̀fà pàápàá, ẹni tí ń fi agbára rẹ̀ sin owó tí a yá, ní àkókò tirẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Tí ó bá ti kọ ebè tí ó yẹ kí ó kọ fún olówó rẹ̀ ní òwúrọ̀, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. N kò sọ pé ayé ìgbà náà rọgbọ. Bí ìwọ̀fà kò bá rí owó san, ó lè dàgbà sí oko olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìwọ̀fà ní ìyókù ọjọ́ tirẹ̀ kì yóò ṣe ìyàlẹ́nu nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí aago òyìnbó dé.

Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Ìddó lọ sí apá òkè; ní 1901 a ti ṣí i dé Ìbàdàn. Ìgbà náà ni Èkó kún fún òṣìṣẹ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba. Ní 9 oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D. tí iye wọn tó 3,000 dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì padà títí ọjọ́ kẹta fi pé. Kì í ṣe ẹ̀kúnwó ni wọ́n torí rẹ̀ jáde. Sir Henry McCallum, Gómìnà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún náà, ni ó fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, nítorí lójú tirẹ̀ ọwọ́ wọn dẹ̀ jù. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àṣẹ lásán ni. Nígbà tí ó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ní láti bá wọn dúnàá-dúrà bí ẹni tí ó wà lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ìjà òṣìṣẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wa ni èyí, orí ẹni tí ó ni ọjọ́ ni ó sì dá lé. Àwọn tí ó jà á kò kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ alágbàṣe, àwọn mìíràn sì jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn pé kí wọ́n béèrè bóyá iṣẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ti ní òṣùwọ̀n kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé ti oko bọ̀, òun ni wọ́n sì fi wọn ìjọba.

Òṣùwọ̀n kan náà ni mo rò pé ó bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, pé a kì í ṣiṣẹ́ ọba kí á làágùn. Àwọn òyìnbó gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wá. Àwọn oníwàásù tiwa náà gbọ́ ọ, wọ́n fi bá wa wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ ń làágùn dáadáa lóko ara rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ìdájọ́ lórí ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí a kò bá bi léèrè nípa iṣẹ́, tí a kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, tí ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ ń pè ní “bọ́ì” lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ni yóò làágùn fún? Ó ṣe ìwọ̀n tí kò ní jẹ́ kí a lé e, ó kó ìyókù agbára rẹ̀ lọ síbi tí a ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn 1929, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, Rélùwéè mú ètò kan wá pé wákàtí-wákàtí ni kí a máa ka owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí a ń san owó wákàtí fún kò mọ iye tí yóò mú wálé ní ìparí oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí fún un pé a ó tún fẹ́ ẹ lọ́la. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Rélùwéè tí ó dìde ní 1931 dìde ní pàtàkì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, wọ́n fi ìwé sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon ní ilé rẹ̀. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni Michael Imoudu, ọmọ Ora, ẹni tí ó wọ Rélùwéè gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Bourdillon jáde sí wọn, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, àwọn nǹkan kan sì yí padà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó fi ọdún mẹ́wàá gba lẹ́tà wọn kò gbọ́. Ìrìn ọjọ́ kan ni ó ṣí etí.

Imoudu kò lọ láìjìyà. Ní 1943 a lé e kúrò níṣẹ́, a sì há a mọ́ apá ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún ní Auchi, nítorí ìjọba ní ogun ń jà, ó sì ń da ìlú rú. Ní 1945 ni a dá a sílẹ̀. Èrò tí ó lọ pàdé rẹ̀ ní Èkó kò níye. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀.

A ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìdáṣẹ́sílẹ̀ 1945, a sì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn owó nìkan. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1942 ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àjẹmọ́nú nítorí ọ̀wọ́ngógó ogun. Lẹ́yìn náà ọjà ń gòkè, àjẹmọ́nú dúró sójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí a fi ìdajì kún un, kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù sì máa gba ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Ìjọba kọ̀. Láti 22 oṣù kẹfà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, fún ọjọ́ 44, rélùwéè kò rìn bí ó ti yẹ, wáyà kò lọ, lẹ́tà kò dé. Àwọn tí ó jáde lé ní 30,000.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń dùn wọ́n nínú owó náà. Láàárín ogun yìí, ìjọba fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ní àjẹmọ́nú nítorí ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè òkun. Nígbà tí àwọn akọ̀wé wa ní àwọn náà ní ìyàwó àti ọmọ, ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ìyàwó aláwọ̀ dúdú ń ṣòwò, ó ń bọ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pé ìyàwó ń ṣòwò. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá kò lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ka ìwé mẹ́fà, tí ó wọ ṣòkòtò funfun àti táì, tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú òyìnbó, tí ìwé tí ó tẹ̀ lórí táíptàítà ni ó fi mọ̀ pé a ka ọ̀gá òun sí baálé ilé, a kò ka òun sí nǹkan kan, irú ìbínú tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ṣílè méjì ààbọ̀ lè pa. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ́fíìsì náà fi òun sí.

Ẹ̀fẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìyàwó oníṣòwò yìí gan-an ni ó gbé ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà ró. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura ọjà Èrèkó jẹ́ olórí wọn, ti ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ iye owó oúnjẹ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀tá wọn. Wọ́n dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi yanjú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ jókòó lẹ́yìn náà, ó sì dá a láre pé kí a fi ìdajì kún àjẹmọ́nú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti béèrè. Ìgbìmọ̀ náà lè ka owó. Bí a ti ń pe ènìyàn ní ọ́fíìsì kò sí nínú ohun tí a rán an.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Èkó ní ọdún yẹn tí ó ṣe ohun méjèèjì tí mo fi ṣe àkọlé. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà, ti ṣe tíṣà, ó sì ti di ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ ní ayé ìgbà náà: aṣọ ọ̀fẹ́, ilé gbígbé, owó tí kì í yẹ̀. Ní 1945, nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó fi í sílẹ̀, ó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́. Ní ọdún yẹn náà ni ó gbé eré “Strike and Hunger” jáde, eré tí ó fi ìyà àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dáṣẹ́ sílẹ̀ hàn lórí ìtàgé. Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ dí i lọ́wọ́. Mo rò pé ó mọ irú ènìyàn tí ó wá dí òun lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn wà tí kò dáṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì fiṣẹ́ sílẹ̀, tí ó jókòó. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ṣe alágbẹ̀dẹ fún àwọn ológun òfuurufú nígbà ogun. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò ṣeé ṣe fún un mọ́, ó di mẹ́sénjà. Ọ́fíìsì wo ni ó ti ń jẹ́ mẹ́sénjà? Ẹ̀ka ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ní Èkó. Mẹ́sénjà a máa jókòó lórí àga títí a ó fi rán an níṣẹ́. Ara rẹ̀ kò gba jíjókòó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìtàn sórí ìwé. Ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú ni ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìwé náà sì jáde ní London ní 1952. Ayé yin ìwé náà. N kò tíì rí ẹni tí ó bi ọ́fíìsì yẹn léèrè bí ó ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé tí kò sì rí nǹkan mìíràn fi í ṣe ju pé kí ó gbé fáìlì.

Òmìnira dé ní 1960, àwọn àga tí òyìnbó dìde lórí rẹ̀ sì di tiwa. Ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 bí ń jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, akọ̀wé ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Àga yí ọwọ́, ṣùgbọ́n ètò ọ́fíìsì kò yí: àlàfo láàárín owó ọ̀gá àgbà àti owó mẹ́sénjà wà bí òyìnbó ti fi í sílẹ̀, ilé ọ̀gá wà ní ìgbèríko òyìnbó tí a sọ di ti wa. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́tàlá ti oṣù kẹfà 1964, lórí àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Morgan jẹ́ alága rẹ̀, kò ṣeé lóye láìmọ èyí.

Síbẹ̀ àdéhùn kan wà ní àwọn ọdún yẹn, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́ yóò mú sùúrù. Yóò wí pé “bẹ́ẹ̀ ni sà” fún ọgbọ̀n ọdún, yóò gbé àpò ọ̀gá, yóò dákẹ́ nígbà tí ó mọ̀ pé òun ni ó tọ̀nà. Ní ìdíyelé rẹ̀, a kì yóò lé e láìnídìí, ipò rẹ̀ yóò máa gòkè ní díẹ̀díẹ̀, yóò sì jẹ owó ìfẹ̀yìntì tí yóò fi kọ́ ilé sí ìlú bàbá rẹ̀. Ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Sùúrù tí àwọn àgbà ń fi yangàn fún wa, àdéhùn yìí ni ó rà á. Kò wá lásán.

Ọdún tí àdéhùn náà fọ́ ní ojútáyé ni 1975. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni inú gbogbo òṣìṣẹ́ ń dùn nítorí owó Udoji, ẹ̀kúnwó tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dámọ̀ràn ní 1974, tí a san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ènìyàn ra rédíò àti alùpùpù. Ní oṣù keje, Murtala Muhammed gba ìjọba. Nígbà tí oṣù díẹ̀ yóò fi kọjá, ó lé ní 10,000 òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ti yọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ orúkọ ara wọn lórí rédíò tí wọ́n fi owó Udoji rà. Àwọn kan nínú wọn jalè lóòótọ́, n kò gbèjà olè. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò jalè náà bá a lọ, láìsí ẹjọ́, láìsí ìbéèrè, àwọn ọmọ wọn sì jókòó nínú pálọ̀ wọ́n ń gbọ́.

Láti orí èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé 1986 sọ owó oṣù di ewé. Iṣẹ́ ìjọba tí kò lé ènìyàn kò gba ènìyàn mọ́. Àwọn báǹkì tuntun tí ó yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 fi kóòtù àti ẹ̀rọ amúlétutù fa àwọn ọmọ yunifásítì mọ́ra, wọ́n sì gbé iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá wọlé lé wọn lórí. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, wọn a ní kí ó máa lọ. Ní àkókò kan náà, àwọn bàbá tí ó mú sùúrù fún ọgbọ̀n ọdún ń to ìlà nínú oòrùn láti fi ara wọn hàn pé àwọn ṣì wà láàyè, kí wọ́n lè gba owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2004 wá tún ètò ṣe, òṣìṣẹ́ sì ń dá owó tirẹ̀ pa mọ́ láti ìgbà èwe. Bóyá ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti di bàbá rẹ̀ mú nínú ìlà ti kẹ́kọ̀ọ́ kí òfin tó dé.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ òde òní bá wọ ọ́fíìsì, ohun tí ó ń wò kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ará 1897 wò. Ó ń wò ó bóyá ìyókù ọjọ́ jẹ́ tirẹ̀, nítorí fóònù ọ̀gá ń dún ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó ń wò ó bóyá òmìnira ń bẹ níwájú, tàbí bóyá orúkọ kọ́ńtíráàtì ni yóò máa jẹ́ títí. Ó ń wò ó bí a ti ń pe òun. Owó ńkọ́? Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ gòkè láti 30,000 náírà sí 70,000 ní 2024, lẹ́yìn tí yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ti mú kí ohun gbogbo gbówó lórí. Kò tó, bẹ́ẹ̀ sì ni àjẹmọ́nú 1942 kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ bá nọ́ọ̀sì tí ó ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ ó gbọ́ nípa owó ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ìyókù yóò jẹ́ nípa ọ̀gá tí ó bú u níwájú aláìsàn, àti oògùn tí kò sí, àti ẹ̀sùn tí ó kọ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ń dáṣẹ́ sílẹ̀ gbà pé òun ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀ lọ́la, pé ibi iṣẹ́ náà jẹ́ ti òun díẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Àwọn ọkùnrin tí ó rìn láti Ẹ̀búté Mẹ́ta gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ òde òní kò rí àdéhùn kankan tí yóò mú un jà fún ọ́fíìsì tí kò dá a lójú pé òun yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó ń já pa. Àwọn tí kò rí ọ̀nà lọ, àwọn sì ni ó pọ̀ jù, ń já pa láti orí àga: wọ́n ń dé ní agogo mẹ́jọ, wọ́n ń lọ ní agogo mẹ́rin, wọn kì í làágùn.

Bourdillon kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún òun ní 1941. Èrò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá òde òní yóò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò bá lẹ́tà ìlà mẹ́rin lórí tábìlì, tí ó fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí ó sì fi ìdúpẹ́ parí. Yóò pe ọmọ náà wọlé, yóò ní kí ó jókòó, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò bi í ní ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà yóò dìde dúró, yóò di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí a ti kọ́ ọ nílé, yóò ní: “Kò sí nǹkan kan, sà. Mo kàn fẹ́ tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ mi ni.”